Ìtàn Ogun Ní Ẹni Tí Ó Ni Ín: Ohun Tí Mo Kọ́ Nínú Ẹgbẹ́ Wa Ní Kétu

Ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wa, tí ó ń wádìí ìtàn ogun, kọ́kọ́ pe àwọn àgbà ìlú láti wá bá wa jókòó, èmi ni wọ́n yàn láti sọ̀rọ̀ lórí bí Kétu, ìlú Yorùbá tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, ṣe fọ́ ní ọdún 1886. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi múra sílẹ̀. Mo ya odi àti yàrà sára pátákó, mo fi ẹfun pupa tọ́ka sí ọ̀nà tí ọmọ ogun Dàhọ̀mì, ìjọba àwọn Fọ̀n, gbà wá láti Àgbómẹ̀, olú ìlú wọn, mo sì ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe dó ti ìlú pẹ̀lú ìtara ẹni tí ó ń ròyìn eré bọ́ọ̀lù. N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdajì nígbà tí ìyá àgbà kan tí ó jókòó ní iwájú dìde, tí ó wé ìborùn rẹ̀ mọ́ra, tí ó sì jáde láìsọ nǹkan kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wá sọ fún mi pé ìyá tí ó bí ìyá àgbà obìnrin náà wà lára àwọn ọmọdé tí wọ́n kó lọ sí Àgbómẹ̀, àti pé nínú ọmọ ìyá mẹ́rin tí wọ́n jọ lọ, òun nìkan ni ó padà.

Ẹgbẹ́ wa kò tóbi. Olùkọ́ wà nínú wa, télọ̀ wà, ẹni tí ń wa sémì, ọ̀kadà èrò, wà, ṣọ́jà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì náà wà. Ìfẹ́ ohun ìjà àti ọgbọ́n ogun ni ó kó púpọ̀ nínú wa jọ, n kò sì rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ó yẹ kí ènìyàn mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìbọn ṣakabùlà, tí a ń fi ẹ̀tù kì ní ẹnu, àti ìbọn Lebel tí ọmọ ogun Faransé gbé wá bá Dàhọ̀mì jà ní ọdún 1892, nítorí ìyàtọ̀ náà ni ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìlú tí ogun ti kó rí kì í ṣe ibi tí a ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé kò ní olóhun.

Ní ọjọ́ kejì, mo mú obì dání, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà. Kò bá mi wí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: ṣé mo mọ ohun tí àwọn tí ó wà nínú odi ń jẹ nígbà tí ogun dó tì wọ́n? N kò mọ̀. Mo mọ orúkọ ọba Dàhọ̀mì, Glele, mo mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ni Béhanzin tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì ronú nípa oúnjẹ rí. Ó ní ohun tí ìyá ìyá òun máa ń sọ ni pé ebi ti wọ inú odi kí ọmọ ogun tó wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè nípa omi, iṣu, igi ìdáná àti ibi tí wọ́n sin òkú sí, kí n tó béèrè nípa ìbọn. Ẹnu àwọn àgbà máa ń là sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní ìlú yín, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé àwọn tí ó ni ìtàn náà, kí ẹ tó pè wọ́n wá sí gbọ̀ngàn. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó tan fóònù láti gba ohùn wọn. Ẹ má béèrè ní gbangba pé ta ni ó da ìlú. Gbogbo ìlú tí ogun kó ni ó ní ìtàn ọ̀dàlẹ̀, àwọn ọmọ ẹni tí a ń dárúkọ sì lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yín.

Ẹ̀kọ́ tí ó pẹ́ kí n tó gbà ni ti ọmọ Fọ̀n tí ó wọ ẹgbẹ́ wa. Olùkọ́ ni, ìjọba ni ó gbé e wá sí Kétu. Àwọn kan kò fẹ́ kí ó máa bá wa jókòó, mo sì dákẹ́ nígbà tí ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Òun ni ó rán wa létí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni Dàhọ̀mì fi san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́, kí Gezo, bàbá Glele, tó já ara rẹ̀ gbà ní nǹkan bí ọdún 1823, àti pé ní ilé tiwọn, ìtàn ogun bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Èyí kò sọ kíkó tí wọ́n kó Kétu di ohun rere, òun náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yí ìbéèrè wa padà.

Ìbéèrè tí a ń bá yí láti ìgbà náà ni pé, kí ló dé tí Abẹ́òkúta fi dúró tí Kétu kò fi dúró? Ẹ̀ẹ̀mejì ni Dàhọ̀mì kọlu Abẹ́òkúta, ní oṣù kẹta ọdún 1851 àti ní oṣù kẹta ọdún 1864, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Odi wà ní ìlú méjèèjì. Lójú tèmi, odi kọ́ ni ìdáhùn. Àwọn Ẹ̀gbá ní ìbọn àti ẹ̀tù tí ó ń ti etí òkun wá, wọ́n sì ní àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì àti aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn. Ta ni Kétu ní? Ní ọdún 1886 yìí kan náà, Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá bíi tiwa, ṣì dojú kọ ara wọn níbi ogun Kírìjì, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1877. Lóòótọ́ ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Nígbà tí a rí i pé ọdún kan náà ni ọ̀rọ̀ Kétu àti ti Kírìjì bọ́ sí, ṣọ́jà wa tí ó ti fẹ̀yìn tì bo ojú rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí ìpàdé fi parí. Ó dùn mí bẹ́ẹ̀ náà.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń wá sọ́dọ̀ wa a máa fẹ́ kí a sọ ti àwọn ọmọ ogun obìnrin Dàhọ̀mì. A ń sọ ọ́, nítorí òtítọ́ ni: wọ́n jà ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì bá Faransé jà. Àmọ́ a kì í sọ ọ́ ní Kétu láìsọ ti àwọn obìnrin tí ogun náà kó lẹ́rú.

Ẹ rìn dé ojú ibẹ̀. Àsìkò ọyẹ́ ni a máa ń lọ sí Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè odi àtijọ́ Kétu, nígbà tí koríko ti gbẹ, lẹ́yìn tí a bá ti gba àṣẹ. Ìtàn ìlú sọ pé Alákétu Ṣà, ọba Kétu kan láyé àtijọ́, ni ó mọ odi náà. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ sínú ibi tí yàrà ṣì jinlẹ̀ díẹ̀, tí mo gbójú sókè, ni mo tó mọ̀ pé àwòrán tí mo yà sára pátákó kò jọ nǹkan kan.

Nínú ìwé ẹgbẹ́ wa, ojú ewé mẹ́ta ni a ń fi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún ohun tí àgbà sọ, ọ̀kan fún ohun tí ó wà ní àkọsílẹ̀, ọ̀kan fún ohun tí a fi ojú wa rí. A kì í pò wọ́n pọ̀. Àgbà lè má dárúkọ ọdún. Yóò ní “kí ìlú tó fọ́” tàbí “lẹ́yìn tí a padà dé”. Bí ó ṣe sọ ọ́ ni a ń kọ ọ́, nítorí pé bí èmi bá fi 1886 rọ́pò rẹ̀, mo ti fi ọ̀rọ̀ tèmi sí i lẹ́nu.

Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1892 ni ọmọ ogun Faransé, tí Dodds jẹ́ ọ̀gágun wọn, wọ Àgbómẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ Kétu tí ó ṣẹ́kù láàyè ń padà bọ̀. Ìyá àgbà náà sọ fún mi pé koríko ti bo ilé gbogbo nígbà tí ìyá ìyá òun dé, àti pé igi odán kan ni ó fi mọ agbo ilé bàbá rẹ̀. Ó mọ ibi tí odán náà wà. Ní ìpàdé wa tí ó ń bọ̀, ibẹ̀ ni a óò ti pàdé, òun ni yóò sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.