Ẹ wo ewé kí ẹ tó wo ìtànná: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lójú fèrèsé mi

Àpótí òdòdó tí mo kọ́kọ́ gbé sójú fèrèsé, lobelia ló kún inú rẹ̀. Àwọ̀ aró rẹ̀ ló wọ̀ mí lójú. Ìtànná wẹ́wẹ́ ni, wọ́n pọ̀ lọ bíi yanrìn, wọ́n ń ya wálẹ̀ létí àpótí bíi pé ẹnì kan da ìkòkò aró nù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń jí lọ wò ó láràárọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́rin gbé mi kúrò nílé, ìgbà tí mo sì padà dé, ó ti gbẹ bí koríko tí wọ́n sá sóòrùn. Mo bu omi sí i lójú ẹsẹ̀, mo tún bu sí i lálẹ́, kò jí. Ṣùgbọ́n ní igun àpótí yẹn kan náà, ẹ̀ka portulaca kan tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ, tí mo kàn tì bọlẹ̀ síbẹ̀, ti ṣí ìtànná pupa mẹ́ta. Omi kan náà ni wọ́n jọ mu, oòrùn kan náà ló pa wọ́n.

Mo já ewé méjèèjì, mo fi ìka tẹ̀ wọ́n. Ti lobelia fẹ́lẹ́, ó rún mọ́ mi lọ́wọ́. Ti portulaca rí gbọọrọ bí abẹ́rẹ́ tó sanra. Bí mo ṣe fi èékánná fún un báyìí, omi tú jáde lára rẹ̀. Àṣé ó ti gbé àmù tirẹ̀ pọ̀n.

Láti ọjọ́ yẹn, ewé ni mo máa ń kọ́kọ́ dì mú tí mo bá fẹ́ ra òdòdó. Ìtànná tẹ́ ẹ rí níbi tí wọ́n ti ń tà á, ìtọ́jú ẹlòmíràn ló mú un jáde, ẹni tó ń bomi rin ín bóyá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ewé ló máa sọ bó ṣe máa ṣe sí lọ́dọ̀ yín. Tó bá nípọn, tó ń dán, tàbí tó kún fómi, ó lè fara da ìgbàgbé. Tó bá fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ẹ ti gba iṣẹ́ ojoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ má fi ibi tí òdòdó ti ṣẹ̀ wá ṣe ìwọ̀n o, nítorí ìhà gúúsù Áfíríkà ni lobelia ti wá, ibẹ̀ náà sì ni geranium tó máa ń fà wálẹ̀ ti wá, èyí tó lè fara da ọ̀dá dáadáa.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ omi le tó báyìí ni pé ojú fèrèsé kì í ṣe ilẹ̀. Erùpẹ̀ inú àpótí kò pọ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i níwájú, ògiri sì ń dá ooru padà sí i lára. Èmi rò pé òjò ń bá mi ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Òjò kan rọ̀ láti alẹ́ títí di ìdájí, mo sì fọkàn balẹ̀ pé àwọn òdòdó mi ti mu yó. Nígbà tí mo ti ìka bọ erùpẹ̀ láàárọ̀, eruku gbígbẹ ló bá ìka mi jáde. Etí òrùlé ló ń dá òjò náà dúró, kì í kán síbẹ̀ rárá.

Portulaca ni mo fẹ́ràn jù, mi ò sì fi bò. Ìbátan pápásan ni, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Kò fẹ́ ajílẹ̀ púpọ̀, kò béèrè pé kí ẹ máa já ìtànná tó ti kú kúrò lára rẹ̀. Oòrùn nìkan ni kò gbà kí ẹ fi du òun: ó kéré tán, wákàtí mẹ́fà lóòjọ́. Tí alẹ́ bá ń lẹ́, ó máa pa ojú dé. Tí ojú ọ̀run bá ṣú, ó lè má là á rárá. Mo gbé àpótí rẹ̀ kan sí fèrèsé ẹ̀yìn, níbi tí òjìji wà látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀ka rẹ̀ gùn gbọọrọ, ó tínínrín, mi ò sì rí ìtànná kan ṣoṣo. Ó dùn mí, nítorí òdòdó náà kò ṣẹ̀, ibi tí mo gbé e sí ni kò dáa. Ẹ ka wákàtí tí oòrùn ń lò lójú fèrèsé yín kí ẹ tó ná owó.

Fún fèrèsé òjìji yẹn, tradescantia ló gbà mí. Ewé rẹ̀ gan-an ni ẹwà rẹ̀, tó ní ilà bíi fàdákà lójú, tí abẹ́ rẹ̀ sì pọ́n bí àwọ̀ àlùkò. Ẹ gé ẹ̀ka kan, ẹ tì í bọ omi, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ó ti ta gbòǹgbò. Oje rẹ̀ lè yún èèyàn lára, ó sì lè yún ajá àti ológbò tó bá ń jẹ ẹ́, nítorí náà kí ẹ gbé e sókè.

Petunia àti calibrachoa wà láàárín àwọn tó rọrùn láti tọ́jú àti àwọn tó ń fẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́. Petunia lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì fẹ́ kí ẹ máa já òkú ìtànná rẹ̀, torí tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í so irúgbìn, òdòdó á dín kù. Calibrachoa ń gbọn tirẹ̀ dànù fúnra rẹ̀. Tí ewé rẹ̀ bá ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ṣùgbọ́n tí iṣan ewé náà ṣì tutù yọ̀yọ̀, kò rí èròjà irin gbà látinú erùpẹ̀ ni. Erùpẹ̀ tó kan díẹ̀, ìyẹn tó ní ásíìdì díẹ̀, ló bá a lára mu.

Wedelia ń kọ́? Òdòdó yẹ́lò yẹn kò ní wàhálà kankan, ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀. Gbogbo oríkèé ẹ̀ka rẹ̀ tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀ ló ń ta gbòǹgbò, ó sì wà lára ẹ̀yà 100 tí wọ́n kà sí èyí tó burú jù lágbàáyé nínú àwọn ohun abẹ̀mí tó ń gba ilẹ̀ onílẹ̀. Mi ò ní gbìn ín.

Omi àpọ̀jù náà ń pa òdòdó. Ewé geranium mi ń pọ́n, mo sì ń bomi sí i lójoojúmọ́. Màmá tó ń gbé lókè wa wò ó fìrí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìwọ lo fẹ́ fomi pa á yìí.” Wọ́n ní kí n máa ti ìka bọ erùpẹ̀ títí dé oríkèé kejì, tó bá ṣì tutù níbẹ̀, kí n gbé kẹ́tùlù sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Kí ihò wà nídìí àpótí, kí ẹ má sì kó òkúta sí i nísàlẹ̀. Omi kò torí òkúta yára jáde, ààyè gbòǹgbò lẹ ń gbà.

Àpótí tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20 dára. Ṣùgbọ́n ẹ ronú ìwúwo rẹ̀: èyí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ tó sì jìn ní 20, líítà 24 ló ń gbà. Erùpẹ̀ ilẹ̀ lásán tó mumi yó nínú rẹ̀ lè ju kílò 35 lọ. Èèyàn ń kọjá nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi irin dè é mọ́ ògiri dáadáa, kí ẹ sì lo erùpẹ̀ fúlẹ́fúlẹ́ tí wọ́n pò fún ìkòkò òdòdó.

Tí ẹ bá dé bá àpótí yín tó ti gbẹ pátápátá, ẹ má bu omi lé e lórí bí mo ṣe ṣe sí lobelia mi. Erùpẹ̀ tó gbẹ jù máa ń kọ omi. Etí àpótí lomi náà máa gbà jáde, gbòǹgbò ò ní rí i. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sínú agbada omi, kí ìdí rẹ̀ rì. Ẹ máa rí i tí omi á máa hó kúlúkúlú. Tí híhó náà bá dáwọ́ dúró, bóyá lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ gbé e jáde sí òjìji, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.