Okùn kan, ẹrù méjì

Ibi kan náà ni àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní físíìsì fún WAEC ti máa ń kọsẹ̀: ẹrù méjì tí okùn so pọ̀ lórí púlì. Wọ́n á ní okùn ń fa ẹrù kílò 3 pẹ̀lú 30 N (N ni níútọ̀nì, ìwọ̀n agbára; kílò kan wúwo tó nǹkan bí 10 N), torí ìwúwo rẹ̀ nìyẹn. Rárá o! Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹrù náà ò ní kúrò lójú kan.

Lánàá, mo rọ omi lítà 3 sínú kẹ́ẹ̀gì kan, lítà 2 sínú èkejì (lítà omi kan jẹ́ nǹkan bí kílò kan), mo fi okùn kan so wọ́n kọ́ púlì kànga ẹ̀yìnkùlé wa. Ọmọ kan dì í mú, ó tú u sílẹ̀. Ńlá sọ̀kalẹ̀, kékeré gòkè, eré kan náà ni wọ́n jọ ń sá, torí okùn náà kì í nà.

Ẹ ya ẹrù kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ká pe fífà okùn ní T, ká sì pe bí eré wọn ṣe ń pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ní "a". Agbára tó ṣẹ́kù lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan jẹ́ iye kílò rẹ̀ lọ́nà "a". Ti ńlá: 30 − T = 3a. Ti kékeré: T − 20 = 2a. Ẹ ro wọ́n pọ̀, T á pòórá: 10 = 5a. Nítorí náà "a" jẹ́ 2, T jẹ́ 24 N.

Ẹ wo 24 yẹn dáadáa. Kò tó 30, ó ju 20 lọ. Ibẹ̀ lojú ọmọ náà ti là: "Àǹtí, ìdí nìyẹn tí ńlá fi sọ̀kalẹ̀ tí kékeré sì gòkè!"