Ọ̀dà olómi nínú ọyẹ́: páànù Ọ̀yọ́, igbá fínfín, àti bébà tí kì í dúró deni

Tí ọyẹ́ bá ti wọ Ọ̀yọ́, bébà tó ń pẹ́ kó tó gbẹ nígbà òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ fi omi ra á, ẹ yíjú sí abọ́ ọ̀dà, kí ẹ tó yíjú padà ó ti gbẹ. Ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ kọ́ ọ̀dà olómi (watercolour) á wá máa rò pé ọwọ́ òun ni kò dáa. Kì í ṣe ọwọ́. Omi ojú bébà ni kò tíì mọ̀ ọ́n wò.

Bébà ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Ti fọ́tókọ́pì kì í sábà ju gíráàmù 80 lọ ní mítà onígun mẹ́rin kan. Bí omi bá ti kàn án, á wú, á ká, ọ̀dà á sì lọ jókòó sínú kòtò. Gíráàmù 300 ni kí ẹ wá. Ó wọ́n, àmọ́ tí ẹ bá gé A4 kan sí mẹ́rin, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn. Èyí tí wọ́n fi òwú ṣe máa ń di omi mú ju èyí tí wọ́n fi igi ṣe lọ, ó sì wúlò gan-an lásìkò ọyẹ́. Ẹ má fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó o, yóò bó ojú bébà lọ. Téèpù oníbébà táwọn akunlé ń lò ló dáa.

Ọ̀dà mẹ́ta tó: burnt sienna (pupa rúsúrúsú), ultramarine (búlúù), yellow ochre (àwọ̀ ìyeyè bí erùpẹ̀). Ẹ wo nọ́ńbà èròjà àwọ̀ tó wà lára ike kí ẹ tó sanwó. PBr7 tàbí PR101 ló yẹ kó wà lára ti àkọ́kọ́, PB29 lára èkejì, PY43 tàbí PY42 lára ẹ̀kẹta. Poster colour táwọn ọmọ iléèwé ń lò kì í ṣe ọ̀dà olómi. Ńṣe ló ń bo bébà mọ́lẹ̀, ọ̀dà olómi sì rèé, ìmọ́lẹ̀ bébà ló gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ jáde. Funfun bébà ni funfun rẹ̀. Ní ti dúdú, ẹ má rà á. Ultramarine àti burnt sienna tí a pò pọ̀ á fún yín ní dúdú tó lẹ́mìí nínú: tí sienna bá pọ̀ jù, ó di àwọ̀ ara igi, tí ultramarine bá pọ̀ jù, ó di sánmà tó ṣú òjò. Dúdú inú ike máa ń dà bí ihò lára àwòrán.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ohun tí burnt sienna jẹ́. Erùpẹ̀ tó ní irin nínú ni, tí wọ́n yan lórí iná. Irin tó bá atẹ́gùn àti omi pàdé náà ló ń sọ páànù di pupa rúsúrúsú, òun náà ló sì pọ́n ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ yìí fi ń bá òrùlé agbo ilé àtijọ́ mu láìsí wàhálà púpọ̀.

Kí a lè gbọ́ ara wa yé lórí kíki ọ̀dà, ẹ jẹ́ ká fi oúnjẹ ṣe òṣùwọ̀n. Omidùn: omi pọ̀, ọ̀dà díẹ̀. Ẹ̀kọ mímu: ó ń ṣàn, àmọ́ ó ní ara. Gbẹ̀gìrì: ó ki, tí ẹ bá gbé abọ́ dẹ̀gbẹ́, yóò rọra tẹ̀ lé e.

Wàyí o, omi ojú bébà. Ẹ gbé pákó sókè sí ipele ojú, kí ẹ kọ ojú sí fèrèsé, kí ẹ wo bébà láti ẹ̀gbẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, omi dúró lórí rẹ̀ bí adágún. Ọ̀dà tó bá wọ ibẹ̀ á sá káàkiri, kò ní gbọ́ràn. Lẹ́yìn náà, adágún á wọlé, ojú bébà á wá máa dán bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdí para. Ìgbà yìí ló dára jù láti fi ọ̀dà kan sínú òmíràn. Láìpẹ́, dídán yẹn á kú. Bébà á dà bí èyí tó gbẹ, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ẹ̀yìn ìka kàn án, ó ń tutù. Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ẹni tó bá fi búrọ́ọ̀ṣì tó kún fómi tún un ṣe báyìí, omi tuntun yẹn á ti ọ̀dà tó ti ń jókòó sẹ́yìn, á wá kó o jọ sétí. Ohun tí ẹ máa rí ni irú àbàwọ́n tí òrùlé tó ń jò máa ń fi sára sílìn. Kò ṣeé nù. Òfin ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tó wà lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ ki ju ohun tó wà lójú bébà lọ. Tí kò bá ki tó, ẹ dúró títí ẹ̀yìn ìka kò fi ní gbọ́ òtútù mọ́.

Nígbà òjò, ẹ lè fi 20 ìṣẹ́jú wo gbogbo èyí. Nínú ọyẹ́, ó lè má pé mẹ́ta. Ẹ fi omi ra iwájú àti ẹ̀yìn bébà, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí táìlì tàbí dígí. Omi ẹ̀yìn á máa bọ́ iwájú. Ẹ pa fáànù. Kí ẹ po ọ̀dà tán, kí ó pọ̀ ju èyí tí ẹ rò pé ẹ nílò lọ, kí omi tó kan bébà rárá, torí ibi tí a ti ń po òmíràn ni etí ti ń gbẹ. Àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, ló dára jù.

Fún yíyà, kò sí ẹ̀kọ́ tó dà bí igbá. Ọ̀yọ́ kò sì ṣaláìní igbá fínfín. Ẹ fi pẹ́ńsù HB fa ìlà kan sókè-sódò ní àárín, kí apá ọ̀tún lè dọ́gba pẹ̀lú tòsì. Ẹnu igbá tí a wò láti ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe róbótó mọ́, ó ti pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n igun rẹ̀ méjèèjì kì í mú ṣóńṣó bí ẹnu ọkọ̀ ojú omi. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Bí igbá bá ṣe ń sún mọ́ ipele ojú ni ẹnu rẹ̀ ń pa dé. Tí ẹ bá gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á là. Lẹ́yìn èyí ni ọnà ara rẹ̀. Ẹni tó fín in fín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, àmọ́ ojú wa kò rí i dọ́gba: èyí tó wà láàárín fẹ̀, àwọn tó ń yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń tín-ín-rín. Tí ẹ bá yà wọ́n ní ìwọ̀n kan náà, igbá á di àwo pẹrẹsẹ. Ẹ má tẹ pẹ́ńsù jù, kòtò rẹ̀ máa ń mu ọ̀dà, ìlà tí ọ̀dà bá sì ti bò, kílínà kò ní lè pa á dáadáa.

Ibi tí ọ̀bẹ ti bó èèpo igbá máa ń funfun. Ẹ fi àbẹ́là ya ọnà náà, kí ẹ wá fi omidùn yellow ochre kun gbogbo ara igbá. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ mọ ọgbọ́n yìí: ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í wọ̀ ọ́. Ọ̀ràn àbẹ́là ni pé kì í kúrò mọ́, ẹ má fi í kan ibi tí ẹ ṣì fẹ́ kun lọ́la.

Òrùlé ló kù. Sánmà ọyẹ́ kì í ṣe búlúù, eruku ni. Omidùn yellow ochre láti ìsàlẹ̀, ultramarine fẹ́ẹ́rẹ́ lókè. Òrùlé tó jìnnà gbọ́dọ̀ ṣì, kó jọ eérú, torí eruku wà láàárín àwa pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tó sún mọ́ wa ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó pọ́n. Ẹ fi omidùn yellow ochre kun òrùlé kan, kí ẹ gbé orí pákó sókè bí ìka mẹ́ta. Tó bá ti ń dán bí àdí, ẹ fi burnt sienna tó dà bí ẹ̀kọ mímu kan òkè rẹ̀, kí ó máa ṣàn lọ sí etí òrùlé bí omi òjò ṣe ń ṣàn. Ìdí ìṣó àti ibi tí páànù méjì ti gun ara wọn ni ìpẹtà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, torí omi ń pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kán gbẹ̀gìrì sí. Ẹ wá gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀dà ìsàlẹ̀ á jí, gbogbo rẹ̀ á sì di ẹrẹ̀.

Páànù tuntun tó ń kọ mànà láàárín àwọn ògbólógbòó, ẹ má kun ún, ẹ fi bébà sílẹ̀. Ìlà ara páànù kò ju márùn-ún mẹ́fà lọ, lórí òrùlé tó sún mọ́ jù nìkan, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ ti fi àkísà nù. Òjìji abẹ́ òrùlé ló kẹ́yìn: gbẹ̀gìrì, ìfà kan ṣoṣo. Kí ó dúdú ju bó ṣe yẹ lójú yín lọ, torí bó bá gbẹ, á ṣì.

Ẹ̀yìn bébà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́, aago, bóyá ọyẹ́ le tàbí kò le, àti iye ìṣẹ́jú tí dídán fi kú. Ọ̀dà tó kù nínú abọ́, ẹ má dà á nù. Omi díẹ̀ á jí i lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó dé e, pàápàá tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀dà tútù tí a dé mọ́ agolo máa ń hu èéhù bí búrẹ́dì.