Bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ẹ gbé ekòló jù sílẹ̀

Àwa tí a ń fi ìwọ̀ pẹja ní adágún omi Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn ti máa ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìdẹ, tèmi sì rèé: òwúrọ̀ ọjọ́ tí èsúnsún bá jáde, epìyà kì í fẹ́ wo ekòló lójú.

Bí àkọ́rọ̀ bá rọ̀ nírọ̀lẹ́, gbogbo ilé ní Ìbàdàn ló ń gbé abọ́ omi sábẹ́ iná. Ìyàwó mi ń kó èsúnsún tirẹ̀ jọ fún dídín, èmi náà á yọ́ bu díẹ̀ níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. "Bàbá Táíwò, ṣé ẹja lẹ fẹ́ fi oúnjẹ àwọn ọmọ bọ́ ni?" Mi ò kì í fèsì.

Èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ò tíì já ni kí ẹ ṣà. Ìwọ̀ kékeré ni kí ẹ fi gún un láyà, ẹ má so òjé mọ́ okùn rárá, torí ó gbọ́dọ̀ léfòó. Ẹ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewéko tó bo ojú omi. Epìyà kì í já a gbà. Ẹ ó kàn rí i tí omi ká roboto, èsúnsún ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ má tíì fà á! Ẹ jẹ́ kí okùn kọ́kọ́ rìn.

Ọ̀dọ̀ ibi tí odò Ọ̀nà ti ń wọlé ni mo fẹ́ràn jù, odò tí wọ́n sé lọ́dún 1942 kí ìlú lè rí omi mu. Àmọ́ àgbàrá àkọ́kọ́ máa ń kó ọ̀rá àti ẹrẹ̀ wá síbẹ̀, nítorí náà, ẹ jẹ́ kó tòrò díẹ̀. Lálẹ́, àrọ̀ tó fẹ́ yé ẹyin máa ń wá sí ibi tí omi ò ti jìn. Àwọn ọmọkùnrin kan ń fi àdá ṣá wọn níbẹ̀ pẹ̀lú ẹyin nínú. Ìwà yẹn ò dáa, mo sì ń sọ fún wọn.

Lókè òkun náà, bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, kòkòrò máa ń jáde láti inú odò, trout á sì máa gbé wọn mì lójú omi. Ẹja omi tútù ni. Omi tiwa ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù fún un. Ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú ni àwọn apẹja ibẹ̀ ń dì mọ́ ìwọ̀ kó lè jọ kòkòrò náà. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, mo máa ń wò ó lórí YouTube títí di òru. Ṣùgbọ́n kí n jókòó máa di ìyẹ́ adìyẹ, nígbà tí Ọlọ́run ti kó tèmi wá sábẹ́ iná?

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ kó tètè dé o. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ìyẹ́ wọn ti já tán, ìyàwó mi sì ti gbé ìyókù kaná.