Ẹni Kẹfà Nínú Ọ̀wọ́ Àṣá

Alẹ́ Sátidé, Adó-Èkìtì.

Iṣu ni mo lọ gbé ní Ìkẹ́rẹ́ láàárọ̀ òní. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣa 40 sílẹ̀ dè mí, ṣùgbọ́n nígbà tí a kó wọn sínú àpò tán, tí awakọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì wọ́n mọ́ irin orí ọkọ̀, mo rí i pé kókó lórí kókó ni ó kàn ń ta, èyí tí kò ní mú ẹrù dúró títí a ó fi dé Adó, tí kò sì ní ṣeé tú bí a bá dé ibẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo gba okùn náà. Mo yí i ká irin lẹ́ẹ̀kan, mo dábùú rẹ̀ lé ara rẹ̀, mo tún yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, mo ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ ìyíká kejì yẹn, mo sì fà á le. Bí ẹrù bá ṣe ń fà á tó ni irú kókó bẹ́ẹ̀ ṣe ń di irin mú tó. Awakọ̀ wò ó títí, ó ní, “Bọ̀dá, ta ló kọ́ yín ní èyí?” Mo dá a lóhùn pé Síkáòtù ni. Ó ti lé ní 30 ọdún tí mo ti ta irú rẹ̀ kẹ́yìn.

Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́ náà lọ́dún 1986, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọdún mẹ́wàá gbáko kí a tó dá ìpínlẹ̀ tiwa sílẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni a máa ń pàdé lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ wa, níbi tí a ti ń wo Òkè Olósùnta lọ́ọ̀ọ́kán. Kò sí owó kákí tuntun nílé wa. Màmá mi mú ṣòkòtò iṣẹ́ bàbá mi kan tí ó ti gbó ní orúnkún lọ bá télọ̀, ó ní kí ó gé e kúrú, ibi tí ó gbó sì bá a lọ. Aṣọ ọrùn nìkan ni ó jẹ́ tuntun lára mi, ẹgbẹ́ ni ó sì fún mi. Ọmọ oníkòkó tí bàbá rẹ̀ ní ọkọ̀ méjì wọ irú kan náà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀gá wa sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni Robert Baden-Powell, ẹni tí ó dá Síkáòtù sílẹ̀, ṣe bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1907: ó kó ọmọkùnrin bí 20 jọ, ọmọ olówó àti ọmọ òṣìṣẹ́, ó pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, wọ́n sì jọ ń sùn nínú àgọ́. Nígbà tí yóò fi di 1915, ẹgbẹ́ náà ti dé Nàìjíríà.

Ọ̀wọ́ Àṣá ni tiwa. Àwa méje ni a wà nínú rẹ̀, ipò kẹfà sì ni wọ́n fi mí sí. Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí nọ́ńbà yìí jẹ́ sí mi. Ilé tí a ti bí mi kún fún ọmọ. Àwo kan náà ni a ti ń jẹun, ẹní kan náà ni a ń sùn lé, ìfẹ́ kò sì wọ́n wa. Síbẹ̀, bí mo bá ti jáde láti àárọ̀, ó lè di ìgbà tí wọ́n bá ń ti ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni tó béèrè mi. Lórí pápá yẹn, bí olórí ọ̀wọ́ bá ti ní kí a kà, tí a ké “Ení! Èjì! Ẹ̀ta! Ẹ̀rin! Àrún!”, gbogbo wọn yóò dákẹ́ dè mí, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí ó lè ké “Ẹ̀fà!”

Ìkíni ọwọ́ òsì fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé. Mo na ọwọ́ òsì sí ọ̀rẹ́ mi kan lójú ìyá mi àgbà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Síkáòtù ṣe ń bọ ara wọn lọ́wọ́ káàkiri ayé, ó sì pariwo: “Wọ́n kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ìwọ wá ń fi kí ènìyàn!” Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ ni ó wá dọ̀bálẹ̀ fún un lọ́jọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e. Ó ṣàlàyé fún un pé ọwọ́ òsì ni jagunjagun fi ń mú apata, pé ẹni tí ó bá gbé apata sílẹ̀ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ti fọkàn tán ọ. Màmá gbọ́, ó sì gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí n má ṣe dán an wò lọ́dọ̀ àgbàlagbà. N kò dán an wò rí.

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí a rìn tọ àmì nínú igbó. Ọ̀wọ́ mẹ́rin ni ó ń díje, a sì ní láti máa tẹ̀lé àmì tí ọ̀gá fi igi àti òkúta ṣe sílẹ̀: ọfà túmọ̀ sí pé kí a gba ibẹ̀, igi méjì tí ó dábùú ara wọn túmọ̀ sí pé ọ̀nà kọ́ ni. Òkúta wọ bàtà mi, mo dúró yọ ọ́, àwọn yòókù sì yà ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé oríta, ewé ti bo ọ̀kan nínú igi méjì náà, mo wá gba ọ̀nà tí wọ́n ti dí. Oko kòkó ni mo bọ́ sí. Abẹ́ kòkó ṣókùnkùn, ewé gbígbẹ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo wá rántí pé wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tí ó bá ṣìnà kí ó dúró sójú kan. Mo dúró. Mo ti ń sunkún díẹ̀díẹ̀ kí n tó gbọ́ wọn lọ́nà jíjìn: “Ení! Èjì! Ẹ̀ta! Ẹ̀rin! Àrún!” Ohùn dákẹ́. Wọn kò ké “Èje.” Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení, wọ́n sì tún dúró síbi kan náà. Nígbà tí ohùn mi jáde níkẹyìn, mo ké “Ẹ̀fà!” débi pé ẹyẹ fò lórí igi, ẹni keje sì dáhùn kíá.

Ọ̀wọ́ Àṣá ni ó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Olórí ọ̀wọ́ wa, ọmọ ọdún 14, tí ó ti ń retí ipò kìíní láti ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kò sọ nǹkan kan sí mi. Ó kàn tún aṣọ ọrùn mi dì. Níbi tí ọ̀nà parí sí, ọ̀gá ti fi òkúta ṣe òbìrìkìtì kan sílẹ̀, ó fi òkúta kékeré kan sí àárín rẹ̀. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé “mo ti lọ sílé”, ṣùgbọ́n “ulé” ni ó pè é, bí a ti ń pè é nílé wa. Ó ní irú àmì yẹn wà lára òkúta ibojì Baden-Powell ní Nyeri, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, níbi tí ó kú sí ní oṣù kìíní ọdún 1941. Ebi ń pa mí nígbà yẹn, iyán ni mo ń rò nígbà tí ó dárúkọ ulé.

Ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ mi ń lọ kò ní Síkáòtù, ó sì ń dùn mí. Ẹ̀kọ́ àfikún ni wọ́n ń ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ń gba máàkì dáadáa, inú mi sì ń dùn sí i, ṣùgbọ́n ó wù mí kí àwọn náà ní ibì kan tí àwọn ojúgbà wọn yóò ti dákẹ́ dè wọ́n.

Nígbà tí mo ń tú ẹrù, àbígbẹ̀yìn mi rí kókó náà, ó ní, “Dádì, ẹ kọ́ mi.” A lo ẹsẹ̀ àga. Ó yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ó gbàgbé láti dábùú okùn kí ó tó yí i ká lẹ́ẹ̀kejì. Ní ìgbà kẹta, mo fà á, àga tẹ̀lé mi. Ó ní kí n má ṣe tú u. Okùn náà ṣì wà lẹ́sẹ̀ àga ní pálọ̀ bí mo ti ń kọ èyí.