Ìpàkọ́ Tí A Kò Lè Fojú Ara Wa Rí

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo ń kọ èyí. Òwú ṣì ń rìn mí lórí díẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ mi rọ̀ bí ti ọmọ tuntun, òórùn òrí sì gba gbogbo inú yàrá. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń béèrè lọ́wọ́ mi pé níbo ni ènìyàn lè lọ l'Ékòó ní òpin ọ̀sẹ̀ tí kò ní ná an lówó gọbọi, àti pé kí ni ènìyàn lè fi ṣìkẹ́ ara rẹ̀ nílé nígbà tí owó àwọn onídìrí ti ga ju apá lọ. Mo ti máa ń dá wọn lóhùn bí ẹni pé ìbéèrè méjì ni. Ohun tí mo rí lánàá àti lónìí ti jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo ni, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí oorun tó gbé mi lọ.

Àárọ̀ àná, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan wọkọ̀ láti Yábàá lọ sí Lẹ́kí, sí ilé iṣẹ́ ọnà Olóyè Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye. A tètè jáde, mo sì gba ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ níyànjú pé kó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ojú ọ̀nà Lẹ́kí ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta lè gba gbogbo okun tí ènìyàn ìbá fi wo nǹkan. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga ni ilé náà, wọn kì í gba owó ìwọlé, iṣẹ́ ọnà tó wà níbẹ̀ sì tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, láti orí àwòrán, ère igi àti ère idẹ dé orí aṣọ àdìrẹ, tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí ni wọ́n bí Olóyè náà sí ní ọdún 1951, ọ̀dọ̀ àgbà obìnrin ẹbí rẹ̀ ló sì ti kọ́ iṣẹ́ aró àti aṣọ híhun kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tó di ọdún 1983, ó dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọwọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí yóò fi ojú mìíràn wo àwọn àdìrẹ ibẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa ń ṣe lẹ́bàá ìkòkò aró ní ẹ̀yìnkùlé ló gbé gbogbo ilé yẹn ró.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ síbẹ̀, mo fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ tán ní wákàtí méjì, mo sì padà sílé pẹ̀lú orí fífọ́ láìlè rántí iṣẹ́ kan pàtó. Lánàá, a pinnu pé iṣẹ́ mẹ́fà péré ni a ó wò, kí a sì dúró níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ọkàn wa yóò fi balẹ̀ síbẹ̀. Èyí tó mú mi jù ni àwòrán kan tí obìnrin mẹ́ta jókòó tẹ̀ léra wọn lórí àpótí, tí ti ẹ̀yìn ń dìrun fún ti àárín, tí ti àárín sì ń dìrun fún ti iwájú. Olùyàwòrán náà kò fi ojú ẹnì kankan nínú wọn hàn wá. Ẹ̀yìn orí wọn nìkan ni a rí, pẹ̀lú àwọn ìlà tó là wọ́n lórí gẹ́rẹ́gẹ́ bí ebè oko. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rẹ́ mi fi lọ wo iṣẹ́ méjì tó tún padà wá bá mi.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló rán mi létí iṣẹ́ J.D. 'Okhai Ojeikere, onífọ́tò tí wọ́n bí ní ọdún 1930, tó sì jáde láyé ní 2014. Láti ọdún 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, ní òde ìyàwó, ní ojú títì, ní ibi iṣẹ́, títí tí fọ́tò irun nìkan fi tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Dúdú àti funfun ni wọ́n. Nínú púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀yìn ni ó dúró sí, kò sì sí ohun mìíràn lẹ́yìn irun náà ju òfìfo lọ, tó fi jẹ́ pé orí ènìyàn yóò dà bí ère tí wọ́n gbé ka orí pẹpẹ. Ọ̀kan tí mo fẹ́ràn jù ni Onílé Gogoro, tí wọ́n fi òwú kó dìde sókè bí ilé alájà. Ìgbà tí ìlú Èkó ń kọ́ afárá àti ilé gíga ni, àwọn onídìrí sì ń kọ́ tiwọn sórí ènìyàn. Ohun tó wú mi lórí ni pé Ojeikere mọ̀ pé irun tí wọ́n fi ọjọ́ kan ṣe lè má pé oṣù kan kí wọ́n tó tú u, ó sì kà á sí iṣẹ́ ọnà tó yẹ kí a pa mọ́, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pa ère mọ́.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi nípa àwọn ère ìbejì tí mo rí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ìyá yóò ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ ère fún un, yóò máa wẹ̀ ẹ́, yóò máa fi osùn pa á lára, yóò sì máa fi aró kun irun rẹ̀. Àwọn kan wà nínú àwọn ère náà tí imú àti ẹnu wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nítorí pé ọwọ́ ìyá ti ń fi omi àti osùn ra á lójú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Agbẹ́gilére ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wẹ ère ló parí rẹ̀. Mi ò mọ iṣẹ́ ọnà mìíràn tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tí Lẹ́kí jìnnà sí, Oníkan tó ọjọ́ kan fúnra rẹ̀, nítorí pé nítòsí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ni John Randle Centre, ibùdó àṣà àti ìtàn Yorùbá, wà, ní ibi tí Dókítà Randle ti kọ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ Èkó ní 1928. Bí oṣù Kọkànlá bá dé, ART X Lagos, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, máa ń kó àwọn ilé iṣẹ́ ọnà láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ sí Victoria Island, ṣùgbọ́n èrò máa ń pọ̀, n óò sì gba ènìyàn níyànjú láti lọ ní àárọ̀. Lagos Biennial, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ló wù mí jù nínú àwọn ìpàtẹ ńlá, nítorí pé ó máa ń gbé iṣẹ́ ọnà lọ sí ibi tí ìtàn ìlú wà. Ní 2024, pápá Tafawa Balewa ni wọ́n lò.

Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbàdàn ń ṣa ẹ̀fọ́. Ọjọ́ Ẹtì ló ti wá kí mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi kó irun lọ́la." Ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Àdùkẹ́, ó tó ọdún mélòó tí o ti jókòó sílẹ̀ fún mi kẹ́yìn?" N kò lè dáhùn, nítorí pé mo ti tó ọmọ ọdún méjìdínlógójì báyìí, ilé ìwé girama ni mo sì wà nígbà náà.

Nítorí náà, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀ òní, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ fọ irun náà. Ọṣẹ dúdú ni mo lò, irú èyí tí wọ́n fi eérú èèpo kòkó àti àdí ṣe. Eérú yẹn ló ń mú kó lágbára, kò sì yẹ kí ènìyàn mú odidi rẹ̀ ra orí. Mo bù ú bí ìwọ̀n orí ìka sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo pò ó títí ó fi yọ́, mo dà á sí irun díẹ̀díẹ̀, mo sì fi omi ṣan án ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn èyí ni mo mú òrí tí wọ́n bá mi rà ní Ṣakí. Ó yẹ kí òórùn òrí ṣe pẹ́lẹ́. Èyí tó bá ti ń rùn kíkan ti pẹ́ jù. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, ooru ara mi nìkan sì ti tó láti sọ ọ́ di òróró. Ìgbà tí omi ìwẹ̀ kò tíì gbẹ lára tán ni ó dára jù láti fi í pa ara, kí ó lè dé omi náà mọ́ awọ.

Ìyá Ìbàdàn jókòó sórí àga, mo jókòó sórí àpótí láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi òòyà là á ní ìlà, ó mú òwú dúdú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé e láti ìdí irun dé ṣóńṣó. Irun kíkó ń na irun láìlo iná rárá, ìyẹn sì ni ìdí tí mo fi gbà á ní ìmọ̀ràn fún ẹni tí irun rẹ̀ ti rẹ̀ nítorí irin gbígbóná. Mo kíyè sí i pé kò fa òwú náà le ní iwájú orí àti ní ẹ̀gbẹ́ etí. Ó ní irun ibẹ̀ dà bí irun ọmọdé, ẹni tó bá ń fà á ní gbogbo ìgbà yóò já a dànù, ó sì lè má hù mọ́.

Bó ti ń kó irun, ẹsẹ̀ mi wà nínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí mo bu iyọ̀ sí. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, mo fi kànrìnkàn àti òkúta ìhagìgísẹ̀ họ ọ́, mo fi òrí pa á, mo sì wọ ìbọ̀sẹ̀. Mo ti po làálì pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́ láti àná, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ èékánná ọwọ́ mi. Ewé làálì gidi máa ń pọ́n bí omi osùn ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní làálì dúdú lọ́jà, tí wọ́n ti fi aró irun pò, lè bó ènìyàn lára, ẹ má ṣe jẹ́ kó kan awọ yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ti jáwọ́ nínú tìróò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn mí, nítorí pé òjé wà nínú púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà, májèlé sì ni òjé, pàápàá fún àwọn ọmọdé.

Mo sọ fún Ìyá Ìbàdàn nípa àwọn obìnrin mẹ́ta inú àwòrán náà. Ó béèrè pé irú irun wo ni wọ́n ń dì. Mo ní ó jọ ṣùkú. Ó béèrè bóyá ìlà náà gún dáadáa. Mo ní ó gún. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní olùyàwòrán náà mọ irun.

Wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ ló gbà á. Nígbà tó parí, mo gbé fóònù fún un, mo kọ ẹ̀yìn sí i níwájú ògiri funfun, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó ya ìpàkọ́ mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ wò ó, ojú mi sì kún fún omi, nítorí pé n kò tíì rí orí ara mi bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló gba fóònù náà, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó wo fọ́tò náà pẹ́, ó sì fi ìka kan ìlà kejì ní apá òsì. Ó ní ó wọ́.

Ó ní kí n padà jókòó. Ó tú òwú mẹ́rin, ó tún ìlà náà là, ó kó o pa dà, ó sì tún fọ́tò náà yà.