Àyẹ̀wò ọdún 2025: Bàámi, àpótí àjọ, àti ìlà kan tí mi ò kọ

Ẹ kú ìyèdún o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ka àyẹ̀wò ọdún mi láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí mi, ẹ mọ̀ pé oṣù-oṣù ni mo máa ń tò ó. Lọ́dún yìí, kò sí oṣù. Mo tú fóònù mi láti wo ohun tí mo ṣe nínú oṣù kẹfà, àwòrán méjì péré ni mo bá níbẹ̀: ọ̀kan jẹ́ rìsíìtì epo, èkejì jẹ́ ìka ẹsẹ̀ ara mi, mi ò sì lè sọ ìdí tí mo fi yà á. Oṣù kẹrin nìkan ló wà nínú ọdún mi. Èyí tó kù, mo gbà pé mo jẹun, mo sùn, mo sì san owó ilé.

Ẹ mọ Bàámi. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ti ń gba àjọ ní Ọjà Bódìjà kí n tó mọ ìwé kà. Ẹ mọ àpótí kékeré tí mo ṣe fún wọn lọ́dún tó kọjá, torí mo fi pariwo dí yín létí ní gbogbo oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ojú 31 ló wà lórí káàdì àjọ. Ẹlẹ́lùbọ́ á dá 500 náírà lójúmọ́, alájọ á fi báírò fa àmì sí ojú kan, tí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan di ti alájọ, ìyókù ni oníǹkan á kó. Iṣẹ́ àpótí mi kò ju kó rántí àwọn àmì yẹn lọ, kó sì tẹ rìsíìtì jáde. Èdè C ni mo fi kọ ọ́, SQLite ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ràn SQLite, mi ò ní purọ́. Ọdún 2000 ni D. Richard Hipp bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ tó ń bá wọn ṣe fún ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló sì bí i. Ó wá yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Kò ní sáfà (server) tí èèyàn ń lọ bẹ̀ níta, inú prógíráàmù rẹ gan-an ló ń gbé bí ìgbín nínú ìkarahun. Ọkọ̀ ogun ni wọ́n rò ó fún. Èmi gbé e lọ sáàárín àwọn aláta.

Ní ìparí oṣù kẹta ni mo gbé ẹ̀yà tuntun sórí àpótí náà. Mo fi ìbéèrè kan kún un tí yóò máa ka orúkọ alájọ àti iye ojú káàdì nígbà tí àpótí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo pe sqlite3_prepare_v2 láti tò ó sílẹ̀. Mo pe sqlite3_step lẹ́ẹ̀kan, ó fún mi ní 100, ìyẹn SQLITE_ROW, ìlà kan ti dé, mo mú ohun tí mo wá mú, mo bá tèmi lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí ti ń di orí mú. Mi ò kọ sqlite3_finalize, ìlà tó ń pa ìbéèrè dé. Mo dà bí ẹni tó wọ báǹkì, tó béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n sì dá a lóhùn, ṣùgbọ́n tó dúró pa síwájú kantà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bẹ́ẹ̀, WAL (Write-Ahead Log) ni mo tàn. Pẹ̀lú WAL, ohun tuntun kì í kọ́kọ́ wọ inú ajo.db, ìyẹn fáìlì tí àkọsílẹ̀ ń gbé. Inú ajo.db-wal ló ń lọ, bí ìgbà tí alájọ bá sáré kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọwọ́ kó tó dé ìdí ìwé rẹ̀. Tí ó bá tó nǹkan bí ojú-ewé 1000, SQLite fúnra rẹ̀ á dà á sínú ìwé gidi. Checkpoint ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe é nígbà tí ìbéèrè tèmi yẹn ṣì la ẹnu sílẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ ṣe ń kó jọ sẹ́yìn ọwọ́ nìyẹn, ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Lójú àpótí, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré, torí méjèèjì ni SQLite máa ń kà pọ̀.

Lálaalẹ́, Bàámi á tẹ bọ́tìnnì pupa. Prógíráàmù á pe sqlite3_close láti ti ìsopọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fáìlì, sqlite3_close á sì dáhùn pé 5: SQLITE_BUSY, nǹkan kan ṣì wà ní ṣíṣí, mi ò tíì tì í o. Ta ló gbọ́? Mi ò tilẹ̀ gba èsì náà sínú ohunkóhun. Mo kí i bí ẹni tí kò fẹ́ dúró gbọ́ “adúpẹ́”, mo sì bọ́ sórí sqlite3_shutdown, tó ń pa SQLite fúnra rẹ̀. Ìwé SQLite sọ ọ́ kedere pé gbogbo ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ ti di títì kí èèyàn tó pe sqlite3_shutdown. Mo ti kà á. Mo tilẹ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọṣẹ́ kan rí, pẹ̀lú ohùn ọ̀gá.

Nínú oṣù kẹrin, mẹ́mórì káàdì àpótí náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Mo ra òmíràn, mo da ajo.db kọ sórí rẹ̀. Ajo.db nìkan, mo fi ajo.db-wal sílẹ̀. Mo nu ti àtijọ́ mọ́ tónítóní, mo sì fi orin kún un fún ọkọ̀ mi. Ẹ̀rín ń pa mí báyìí, ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wò ó: orin ni mo kọ lé orí owó àwọn obìnrin nǹkan bí 140.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ló kọ́kọ́ rí i. “Ẹ̀yin Bàbá Alájọ, ẹ̀rọ yín ní mi ò dá kọ́bọ̀ láti oṣù tó kọjá. Ṣé èmi ni mo ti kú ni, àbí òun?”

Bàámi pè mí. “Wá sílé.” Wọ́n gé fóònù.

Mo ti to àwáwí sílẹ̀ látorí Mọ́kọ́lá. Nígbà tí mo wọlé, wọn ò bá mi wí. Wọ́n lọ sí yàrá, wọ́n gbé ìwé ẹlẹ́yìn líle kan jáde, wọ́n sì gbé e síwájú mi. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé àpótí dé, wọn ò fi ìwé wọn sílẹ̀. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí tán lọ́jà, wọ́n á tún fọwọ́ kọ ọ́ nílé. Ju ọdún kan lọ, wọn ò sọ fún mi.

“Ẹ ò gba àpótí mi gbọ́, sà?”

“Mi ò fẹ́ kó dùn ọ́.”

Òru mẹ́ta la fi dà á padà. Wọ́n ti mú iná lọ, àtùpà oníbátìrì la gbé sáàárín. Bàámi ń kà, mò ń tẹ̀. “Ẹlẹ́lùbọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ kẹta, àmì. Ọjọ́ kẹrin, kò sí, ọmọ rẹ̀ ń gbóná. Ọjọ́ karùn-ún, ó san méjì. Aláta kejì. Ọjọ́ kẹta, kò sí, òjò. Ọjọ́ kẹrin, kò sí, ó ń bínú sí mi.” Mo dáwọ́ dúró. Nínú tábìlì tèmi, owó, ọjọ́ àti nọ́ńbà káàdì ló wà. Kò síbi tí èèyàn lè fi “ó ń bínú sí mi” sí. Mo ní kí n ṣí ojú kan fún un. Wọ́n ní kí ló kàn mí nínú ẹ̀, kí n máa tẹ nọ́ńbà mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kíá kí n tó yí ọkàn padà: látìgbà tí mo ti kúrò nílé, n kò tíì jókòó ti Bàámi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Àṣìṣe mi ló gbé mi débẹ̀. Ó dáa, ó tó.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo di ẹni tó ń dán nǹkan wò. Ìwé SQLite fúnra rẹ̀ sọ pé kóòdù ìdánwò wọn lé ní ìlọ́po 500 kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ gangan. Tèmi, títí di oṣù kẹrin, òdo ni. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi jíjí àti sísùn: sqlite3_initialize, sqlite3_shutdown, ìgbà 10,000, tí sqlite3_memory_used, iye mẹ́mórì tó ń lò, sì gbọ́dọ̀ padà sí òdo ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá pe sqlite3_config, tó ń yí ètò rẹ̀ padà, lẹ́yìn tó ti jí, 21 ló gbọ́dọ̀ fún mi, SQLITE_MISUSE, ìyẹn ìlòkulò, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kì í ka iye ìgbà. Ẹ lè pe sqlite3_initialize nígbà mẹ́ta láti ibi mẹ́ta, sqlite3_shutdown kan ṣoṣo ló máa pa gbogbo rẹ̀. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàámi, wọ́n ní kí ló le níbẹ̀: èèyàn mẹ́ta tan iná pálọ̀, ẹnì kan pa á, kí ló kù bí kò ṣe òkùnkùn?

Fún ìbéèrè tó bá ṣì ṣí sílẹ̀, sqlite3_next_stmt ni mò ń lò báyìí kí n tó tilẹ̀kùn. Ó ń tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń pa wọ́n dé, mo sì ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún ìtìjú ara mi. Àwọn kan ní ṣebí kí n lo sqlite3_close_v2. Ìyẹn kì í kọ̀ fún èèyàn: á ní 0, á ní ó ti tán, bẹ́ẹ̀ ìsopọ̀ náà ṣì wà láyé títí ìbéèrè tó kẹ́yìn yóò fi parí. Zombie ni ìwé wọn pè é. Àwa ní orúkọ tó dára jùyẹn: àkúdàáyà. Wọ́n sin ín sí Ìbàdàn, ó ń ta aṣọ ní Kánò. Mi ò fẹ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, inú kọ̀ǹpútà ni. Kill -9, àṣẹ tó ń fipá pa prógíráàmù, kì í ṣe iná tó lọ: prógíráàmù nìkan ló kú níbẹ̀, Linux tó ń darí àpótí ṣì wà láàyè láti kọ ohun tó di mú. A ní láti yọ wáyà gidi. Bàámi ló gba iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ bí iná ṣe ń lọ ní Nàìjíríà tó àwọn. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á fa àga sídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Èmi á máa tẹ owó wọlé, rìsíìtì á máa jáde, wọ́n á mọ́wọ́ lé wáyà, wọ́n á wo ojú mi títí màá fi gbàgbé pé wọ́n wà níbẹ̀, fàù! Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Tí àpótí bá padà jí, mo máa ń ní kí PRAGMA integrity_check, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fáìlì bàjẹ́, sọ “ok”, Bàámi á sì ka rìsíìtì ọwọ́ wọn mọ́ ohun tó wà nínú ajo.db.

Káàdì àjọ ni wọ́n fi ń ka ìdánwò náà, ojú kan fún yíyọ kan. Wọ́n ní ojú kìíní tàwọn ni, bí òfin alájọ ṣe wí, ọtí mọ́ọ̀tì tútù kan ni mo fi san án. Ojú keje ní àmì X: rìsíìtì 2 wà lọ́wọ́ wọn tí kò sí nínú àpótí. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe gbé rìsíìtì méjèèjì sókè bí agbẹjọ́rò. Synchronous=NORMAL ni mo fi sílẹ̀. Nínú WAL, ìyẹn kò ní jẹ́ kí fáìlì bàjẹ́, ṣùgbọ́n tí iná bá lọ lójijì, àkọsílẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè bá a lọ. Mo yí i sí FULL, kó má gbà pé ohun kan ti wọlé títí yóò fi dé orí mẹ́mórì káàdì. Kò sí X mọ́ láti ojú kẹjọ.

Oṣù kẹsàn-án ni Bàámi lọ. Ẹ ti mọ̀, púpọ̀ nínú yín wá, ẹ ṣeun, ẹ kò ní fi irú rẹ̀ gbà á. Wọ́n sùn ni. Nígbà tí àwọn obìnrin ọjà mú káàdì wọn wá lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, kò sí ẹni tí owó rẹ̀ dín ní kọ́bọ̀. Mo ní láti wo àkọsílẹ̀ àpótí kí n tó san. Ìlà tó kẹ́yìn kà báyìí: 19:42, close 0, shutdown 0. Ìka wọn ló tẹ bọ́tìnnì yẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ malloc.

Malloc ni prógíráàmù fi ń tọrọ àyè nínú mẹ́mórì. Èèyàn lè fún SQLite ní malloc tirẹ̀ pẹ̀lú SQLITE_CONFIG_MALLOC, kó sì mú kí ó kùnà nígbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà nígbà kejì, nígbà kẹta, títí iṣẹ́ náà yóò fi parí láìkùnà. SQLite dáhùn 7, ìyẹn pé mẹ́mórì ò tó, bí ọmọlúàbí ní gbogbo ìgbà. Kóòdù tèmi ló ṣubú, níbi méjì tí mo ti gba èsì sqlite3_column_text, tó ń mú ọ̀rọ̀ jáde láti inú ìlà, láìwò bóyá òfo ni. Oṣù kọkànlá ni mo rí wọn. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ ọ́ sí mi pé shutdown dà bí ikú, mo bẹ̀ yín, ẹ fi í sílé. Lẹ́yìn shutdown, èèyàn lè pe initialize, àní ìgbà 10,000. Tí ẹ bá sì rí bàbá kan ní Kánò tó dé fìlà aláwọ̀ ilẹ̀, tó ń fi báírò sàmì sí káàdì, ẹ sọ fún wọn pé ojú keje ti dáa.

Àbúrò mi obìnrin ló ń gba àjọ náà báyìí. Àwọn oníbàárà mọ́kànlá lọ, mẹ́rin ti padà, àwọn tó kù ń wò ó níran. Ìyá Ilé fara da ọkùnrin tó ń yọ wáyà fíríìjì ní òru láti wo nǹkan, Ọlọ́run á san án fún un. Mo ti ṣí ojú tuntun nínú tábìlì, “ìdí” lorúkọ rẹ̀. Àbúrò mi ti ń lò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ohun tó kọ síwájú aláta kejì: “kò sí, ó ní òun rántí Bàbá.”

Káàdì ìdánwò náà wà lára ògiri lókè kọ̀ǹpútà mi. Ojú 22 ti ní àmì, mẹ́sàn-án ṣófo. Àbúrò mi ní òun á wá bá mi yọ wáyà náà nínú oṣù kìíní. Mo ní kó wá, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ọjọ́ Sunday.